Ohun Tó Wọlé, Ohun Tó Jáde: Ọjọ́ Ayé Mi Nídìí Gíráàfù

Ẹ má tíì pinnu o! Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ lọ kọ́ òfin ni, tàbí kí ẹ lọ ta fóònù ní gàréèjì Òkìtìpupa, ẹ dúró kí n sọ tèmi fún yín. Mo ti fẹ̀yìntì báyìí. Ilé mi ní Òsóòró ni mo wà, mo ń sin adìẹ, mo sì ń bá àwọn ọmọ-ọmọ mi jà lórí tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, ara mi kì í gbà á mọ́, ó máa ń dà bíi pé àná ni mo bẹ̀rẹ̀. Gíráàfù ni mo ń yà. Mo ya gíráàfù títí irun mi fi funfun, inú mi ò sì bàjẹ́ sí i lọ́jọ́ kan.

Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ ní sùúrù. Ilé-iṣẹ́ wa ní Òkìtìpupa ló ń gbé íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì àti báńkì káàkiri ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Òpó irin gíga la fi ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Òpó kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tó ń fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì: iṣẹ́ tó gba ibẹ̀ kọjá ti pọ̀ tó, bátìrì rẹ̀ ti kún tó, ara rẹ̀ ti gbóná tó. Nọ́ńbà wọ̀nyẹn máa ń ya wọlé bí ìjàlọ, kò sí ojú ènìyàn tó lè kà wọ́n tán. Sófítíwià ló ń sọ wọ́n di ìlà tó ń lọ sókè, tó ń bọ̀ wá sísàlẹ̀. Àmọ́ sófítíwià ò gbọ́n. Àwa la máa sọ fún un ibi tí ìlà yóò ti bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ tí yóò wọ̀, iye ọjọ́ tí yóò kó sójú kan, ohun tí yóò fihàn àti ohun tí yóò fi pamọ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Bí o bá yà á dáadáa, á bá ọ sọ̀rọ̀. Bí o bá yà á ṣákálá, á purọ́ fún ọ, irọ́ náà á sì tún rẹwà.

Ọkùnrin kan wà ní Ìlútítun tí wọ́n fẹ́ pè ní olè. Bùọ̀dá Lúùkù lorúkọ rẹ̀. Orúkọ rere tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́, orí ìlà kan lójú kọ̀ǹpútà ni ó wá dúró lé, èmi sì ni mo ya ìlà náà. N ó débẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ̀rọ̀ wá láti orísun rẹ̀.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ ò gùn. Mo jáde sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n ní ilé tẹlifóònù ń wá ọmọ tó lè ṣe ìṣirò, mo lọ, wọ́n mú mi. Owó oṣù náà tó ra bàtà, kò tó kọ́lé. Ó tán. Wọ́n fà mí lé Ọ̀gá Oyèlàmí lọ́wọ́, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan báyìí, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín kí ọ̀sán tó pọ́n.

Kò sí kọ̀ǹpútà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri, ó gbé bébà ká bí ẹní, bébà náà ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bíírò tín-ín-rín kan sì ń fa ìlà sórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí àwọn ènìyàn bá ń pe ara wọn púpọ̀ lórí tẹlifóònù, bíírò á gòkè. Bí ìlú bá sùn, á wálẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pariwo! Gbogbo Òkìtìpupa ló ń mí lórí bébà yẹn. Mo rí ìgbà tí àwọn ènìyàn jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi tí gbogbo wọn gbé tẹlifóònù lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán níwájú bébà.

Ọ̀gá Oyèlàmí wá dúró lẹ́yìn mi, ó fi ìka kan ìlà náà.

“Kí ni ó ń sọ?”

“Ọ̀gá, ó ń lọ sókè, sà.”

“Èmi náà lójú. Mo ní, kí ni ó ń sọ?”

Ó gbé pẹ́ńsù àti rúlà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa fi ọwọ́ da ìlà náà kọ láràárọ̀, kí n sì kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ohun tí ìlú ṣe tó fi gòkè tàbí tó fi wálẹ̀. Oṣù gorí oṣù, n kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan. Bí mo bá gbàgbé láti kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà ohun tí ó ń wọ̀n, á ya bébà náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ lójú mi. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìlà láti àárín dípò ìsàlẹ̀ pátápátá, kí òkè kékeré lè rí gàgàrà, á ní, “O gbé aràrá sórí àpótí, o ní ó ga.” Mo sunkún. Mo sì bú u lédè Ìkálẹ̀, torí mo mọ̀ pé kò gbọ́. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sídìí tábìlì, ó ní, “Ọmọ́wùmí, ọ̀rọ̀ tí o sọ sí mi lánàá yẹn, mo ti ní kí akọ̀wé túmọ̀ rẹ̀ fún mi.” Ì bá ṣeé ṣe, ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì.

Mo sá lọ bá màmá mi ní Ìlútítun, mo ní mi ò ṣe mọ́. Màmá mi ń fún epo. Ẹbu ni à ń pe ibẹ̀, ibi tí àwọn obìnrin ti ń se ẹyìn nínú dúrọ́ọ̀mù ńlá, tí wọ́n ti ń fún epo pupa jáde. Èéfín bo gbogbo ojú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

“Ọma mi, ghá jẹun jàre,” ó ní. “Ẹni tó fẹ́ jẹ epo, á fojú gba èéfín. Usẹ́ kí ni kò ní èéfín?”

Mo jẹun. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ má fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ èéfín yẹn o, n ó tún bá a pàdé.

Nígbà tó ṣe, ilé tẹlifóònù kú. Ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tí mo ní mo ti fẹ̀yìntì yìí dé, ó gba Ọ̀gá Oyèlàmí, Ọ̀gá sì ní òun ò lọ àfi kí wọ́n gba ọmọbìnrin tó ń bú òun lédè Ìkálẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà ṣe dé ọwọ́ mi nìyẹn, pẹ̀lú sófítíwià gíráàfù nínú rẹ̀. Háà! Ohun tí mo ń fi rúlà ṣe láti àárọ̀ dọ̀sán, ó ṣe é kí n tó ṣẹ́jú. Ó sì ní àwọ̀ oríṣiríṣi. Mo ṣe bí ọmọ tí wọ́n ti mọ́ inú ìsọ̀ alákàrà.

Wọ́n ní kí n yan àwọ̀ fún òpó tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kí lẹ̀yin máa yan? Èmi yan pupa. Pupa tó dán, bí epo tuntun tó ń ṣàn jáde nínú ẹ̀rọ ìfúnpo. Nílé tí wọ́n bí mi sí, bí pupa bá ń ṣàn, ayọ̀ ni. Bí o bá rí àwọ̀ ewé, ẹyìn ò tíì pọ́n nìyẹn, ebi sì ń bọ̀. Torí náà mo fi àwọ̀ ewé sí òpó tó bá ti kú. Ọgbọ́n ni, àbí kì í ṣe ọgbọ́n?

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọ̀gá wa ní Àkúrẹ́ ṣí ojú ìwé náà, gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀ lójú wọn. Wọ́n ní gbogbo òpó ti kú. Wọ́n kó ẹnjiníà kún ọkọ̀ méjì, wọ́n bá eré wọ Òkìtìpupa pẹ̀lú eruku, wọ́n bá wa níbi tí a ti ń jẹ ẹ̀pà, tí gbogbo nǹkan ń ṣiṣẹ́ geere. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí Ọ̀gá Oyèlàmí kó rẹ́rìn-ín ní òwúrọ̀. Ó rín in títí ó fi di tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ojú ẹni tó máa wò ó ni o ń yà á fún, kì í ṣe ojú tìrẹ.” Mo pààrọ̀ àwọ̀ náà. Ṣùgbọ́n títí di òní olónìí, mo ṣì gbà pé èmi ni mo jàre.

Báyìí a ti dé Ìlútítun. Iná ìjọba kò sí níbẹ̀ lákòókò náà, torí náà sólà la gbé sí ìdí òpó wa. Oòrùn a máa bu iná sínú bátìrì lójúmọmọ, òpó a sì máa mu ún tọ̀sán-tòru. Bùọ̀dá Lúùkù ni olùṣọ́ ibẹ̀. Díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ènìyàn pẹ̀lẹ́ tí kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ pàápàá fara nu ògiri wa. Ó ní sólà kékeré tirẹ̀ lórí òrùlé ilé rẹ̀ tó wà nínú ọgbà náà. Ìyẹn ló fi ń bá àwọn tó wá ná ọjà gbaná sí fóònù, kó fi rí owó ọṣẹ.

Òpó náà wá ń dákú. Á kú ní ìdájí, á jí nígbà tí oòrùn bá ga. Mo wo gíráàfù rẹ̀ títí ojú ń ro mí. Lọ́sẹ̀ yìí, ọjọ́ Ajé ló kú. Lọ́sẹ̀ mìíràn, Ọjọ́bọ̀. Nígbà mìíràn, ọjọ́ Ìsinmi. Kò lórí, kò nídìí. A pààrọ̀ wáyà, a pààrọ̀ bátìrì, pàbó ló já sí.

Ọjọ́ burúkú èṣù gbomimu dé. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní Ìlútítun ní kùtùkùtù, kí oòrùn tó ga, fún ìdánwò tó máa gbé wọn wọ yunifásítì. Àwọn kan gun ọ̀kadà wá láti Òsóòró. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni òpó wa kú. Ojú kọ̀ǹpútà gbogbo wọn dúró gbagidi. Ọmọbìnrin kan gbé orí lé tábìlì, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ gbé. Àwọn òbí ti ń pariwo lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò ní kí àwọn ọmọ náà máa lọ sílé ná, àwọn máa dá ọjọ́ mìíràn.

Máníjà wa sọ̀ kalẹ̀ láti Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó wọ ọgbà òpó, ó rí bẹ́ǹṣì níwájú ilé Bùọ̀dá Lúùkù, fóònù kún orí rẹ̀ fọ́fọ́, wáyà lọ́rùn gbogbo wọn. Ó wo fóònù, ó wo bátìrì wa, ó parí ìṣirò rẹ̀.

“Ìwọ lò ń fa iná wa tà!”

“Máníjà, ẹ jọ̀ọ́,” Bùọ̀dá Lúùkù ní. “Sólà tèmi rèé lókè. Mi ò fọwọ́ kan tiyín rí.”

“Dákẹ́! Lọ́jọ́ Ẹtì a máa ṣèpàdé lórí rẹ. Láti ibẹ̀, ó di ọwọ́ ọlọ́pàá.”

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìlútítun, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Kí ọlọ́pàá wá mú díákónì níwájú ìlú! Àwọn ọmọ rẹ̀ ò ní lè jókòó síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ láyé. Mo mọ ọkùnrin yìí. Inú bí mi débi pé n kò lè mu omi. Mo lọ bá Ọ̀gá Oyèlàmí.

“Ọ̀gá, Bùọ̀dá Lúùkù kì í ṣe olè.”

“Ìwọ lo mọ ìyẹn,” ó ní. “Ìlà ńkọ́? Kí ni ìlà ń sọ?”

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà. Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù mi dún. Màmá mi ni.

“Ọma, ṣé o máa ghá sílé lọ́jọ́ ọjà?”

“Màmá, ọjọ́ wo ló bọ́ sí?”

“Èwo ni ọjọ́ wo? Ọjọ́ ọjà ni mo ní!”

Mo ta gìrì lórí àga. Màmá mi kì í ka Ajé, kì í ka Ìṣẹ́gun. Ọrọọrún là ń ná ọjà Ìlútítun, ọjà sí ọjà ló sì fi ń ka ayé: ìgbà tó máa se ẹyìn, ìgbà tó máa sinmi. Ṣùgbọ́n sófítíwià mi, ọjọ́ méje méje ló mọ̀. Òyìnbó tó ṣe é kò ná ọjà Ìlútítun rí! Gbogbo oṣù tí mo fi ń wo ìlà náà, mo ń fi ọ̀sẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ohun tó ń fi ẹsẹ̀ ọjà rìn.

Mo bọ́ sínú sófítíwià náà, mo yí ètò rẹ̀ padà. Mo ní kó gbàgbé ọ̀sẹ̀. Mo gé gbogbo oṣù tó kọjá sí ọjà-ọjà, mo to wọn léra bí ẹni to ẹní, kí ọjọ́ ọjà lè bọ́ sórí ọjọ́ ọjà. Ó ń yà á, mo ń wò ó. Ó parí. Ẹ̀yin ọmọ mi! Gbogbo ìṣubú tó ti ń fò kiri bí eéṣú, wọ́n tò sójú kan ṣoṣo, ọ̀kan lórí èkejì, gẹ́ẹ́rẹ́. Ìdájí ọjọ́ ọjà! Mo fò sókè, mo lu tábìlì, mo jó yí àga ká.

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó padà. Ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ wo ni fóònù ń kún orí bẹ́ǹṣì Bùọ̀dá Lúùkù? Ọjọ́ ọjà kan náà ni. Èmi tí mo fẹ́ yọ ọkùnrin náà, èmi gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi dè é.

Máníjà, tí kò tíì padà sí Àkúrẹ́ torí ìpàdé náà, ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ariwo mi, ó yọjú. Mo ṣàlàyé fún un, torí n kò lè purọ́. Ó pàtẹ́wọ́. “Ẹ̀rí ọ̀hún rèé! Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kí n mú un lọ sípàdé.” Ó lọ.

Ọ̀gá Oyèlàmí ló kù nínú yàrá. Ó fa àga mọ́ra. “Ọmọ́wùmí, kí ni ó ń sọ?”

“Ó ní bátìrì ń gbẹ mọ́jú ọjọ́ ọjà, sà.”

“Kí ló gbẹ ẹ́?”

“Wọ́n ní Bùọ̀dá Lúùkù ni.”

“Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí wọ́n ní. O délé, o bá ìkòkò omi ní gbígbẹ. Ṣé wọ́n mu omi náà ni, àbí wọn ò pọn ọ́n?”

Ó dìde, ó jáde lọ wá ẹ̀pà rà.

Ẹ gbọ́, mo ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́, mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu onírúurú ènìyàn, kò sí èyí tó dé ibi tí gbólóhùn yẹn dé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìlà kan ṣoṣo ni sófítíwià ń yà fún bátìrì: ohun tó ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wà nídìí òpó ń fi nọ́ńbà méjì mìíràn ránṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé kó yà: iná tó wọlé láti ọwọ́ oòrùn, àti iná tó jáde lọ sẹ́nu iṣẹ́. Mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Èyí tó wọlé lókè, èyí tó jáde nísàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì láti òdo, bí Ọ̀gá ṣe fi ìyà kọ́ mi. Mo tún to wọn lọ́jà-ọjà.

Ìlà ìsàlẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Lọ́jọ́ ọjà, lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, iye kan náà ló ń jáde. Kò sẹ́ni tó fa iná kankan tà! Ìlà òkè ló ṣubú, kì í tilẹ̀ ṣe lọ́jọ́ ọjà, ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni. Gbogbo ọjọ́ tí ọjà bá ku ọ̀la, oòrùn kì í wọlé. Wọn ò pọn omi sí ìkòkò!

Mo ké débi pé akọ̀wé sáré wọlé, ó rò pé ejò ni. Mo gbá a mọ́ra. Lẹ́yìn náà mo bi ara mi: kí ló ń bo oòrùn ní Ìlútítun bí ọjà bá ku ọ̀la? Mo ti mọ ìdáhùn kí n tó bi í tán. Nígbà wo làwọn obìnrin ń se ẹyìn, kí epo lè délẹ̀ fún ọjà? Wọ́n ní èéfín nìwà. Èyí tó ń pa òpó wa yìí, èéfín màmá mi ni!

Ọjà ku ọ̀la nígbà tí èmi àti Ọ̀gá wọ takisí lọ síbẹ̀. Ẹbu wà lẹ́yìn ògiri ọgbà wa gan-an. Dúrọ́ọ̀mù ń hó, èéfín nípọn, afẹ́fẹ́ gbé e rọra, ó tẹ́ ẹ sórí sólà wa bí aṣọ. Ọ̀gá gun àkàbà, ó fi ìka nù ún. Ìka rẹ̀ dúdú, ó sì ń yọ̀ fún epo. Sólà kékeré ti Bùọ̀dá Lúùkù wà lódìkejì ọgbà, ó mọ́ kedere, èéfín ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò bojú wò nìyẹn, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ la sábà máa ń dé, tí wọ́n ti pa iná.

Màmá mi fi ọwọ́ lé ìbàdí nígbà tó gbọ́. “Èéfín tèmi ló ń pa kọ̀ǹpútà yín? Ẹ̀yin lẹ gbé dígí yín ghá sídìí ẹbu mi! Ta ló kọ́kọ́ débẹ̀?”

Ọ̀gá Oyèlàmí, ọkùnrin líle yẹn, dọ̀bálẹ̀ sínú eérú. “Màmá, ẹ̀yin lẹ jàre. Dígí ló ṣẹ̀ yín.” Màmá mi fún un ní epo kún ìgò kan.

Bùọ̀dá Lúùkù jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ tó ti ṣófo, ó di orí mú. Kò tilẹ̀ bi wá ohun tí a wá ṣe. Mo gbé kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ sí iwájú rẹ̀.

“Bùọ̀dá, ẹ wò ó. Ìlà òkè yìí ni ohun tó wọlé. Ti ìsàlẹ̀ yìí ni ohun tó jáde. Bí ẹ bá fa iná wa, ibí ni ì bá ti wú. Ẹ wò ó, ó tẹ́jú. Ọwọ́ yín ò sí níbẹ̀.”

Ó na ìka, ó fi tọ ìlà ìsàlẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, díẹ̀díẹ̀.

“Ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀,” ó ní. Ó tún tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. “Ọwọ́ mi ò sí níbẹ̀.” Omi dà lójú rẹ̀, ó dà lójú tèmi náà. Màmá mi ní kí la ń sunkún sí, ṣé èéfín ni.

Ní ọjọ́ Ẹtì mo gbé ìlà méjèèjì sára ògiri nípàdé, Ọ̀gá sì gbé ìka dúdú rẹ̀ sókè, torí kò fọ̀ ọ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Máníjà wò ó dáadáa, ó béèrè ọ̀rọ̀, ó sì gbà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun fúnra rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ díákónì níwájú gbogbo ìjọ. A gbé sólà wa lọ sí ẹ̀gbẹ́ ti Bùọ̀dá Lúùkù. Nígbà tí àwọn ọmọ padà wá ṣe ìdánwò wọn, òpó ò ṣẹ́jú.

Láti ìgbà yẹn ni ojú ìwé kan ti wà nínú sófítíwià wa tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọjà. Mo sì rí i pé kì í ṣe òpó nìkan ló ń fi ẹsẹ̀ ọjà rìn. Báńkì ń rìn ín, ilé ìwòsàn ń rìn ín. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọ̀nà kan ò sì wọ inú gíráàfù. Ẹ wo bí iṣẹ́ yìí ti dùn tó! Irinṣẹ́ rẹ̀ ò yéé yí padà: bíírò lórí bébà, kọ̀ǹpútà tó tóbi bí àpótí aṣọ, títí dé fóònù tí mo fi ń wo òpó láti orí ibùsùn. Èyí tó dé kẹ́yìn, ó ní òun lè yan àwọ̀ fúnra òun, òun sì lè sọ ibi tí wàhálà wà. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méje méje ni òun náà ń kà títí a fi kọ́ ọ ní ọjà.

Ọ̀gá Oyèlàmí ti lọ sinmi nígbà tí èmi fẹ̀yìntì. Wọ́n se jọ̀lọ́ọ̀fù fún mi ní ọ́fíìsì, wọ́n pe Bùọ̀dá Lúùkù tó ti darúgbó, ó fi ọ̀pá rìn wọlé. A ń jẹun lọ́wọ́ ni ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá ara ògiri tàn yòò: bátìrì òpó wa kan lọ́nà Òsóòró ń lọ sílẹ̀. Ẹnjiníà tó fẹ́ gba ipò mi rẹ́rìn-ín. “Ẹ má dáàmú, Màmá,” ó ní. “Ó jọ pé olùṣọ́ ibẹ̀ ti ń ta iná ni. A máa mú un.”

Kí n tó lanu, Bùọ̀dá Lúùkù ti dìde. Ó rìn dé iwájú ògiri, ó fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ kan ìlà náà.

“Ọma mi, kí ni ó ń sọ?”

“Bàbá, ó ń lọ sílẹ̀, sà.”

“Ìlà kan ṣoṣo rèé,” Bùọ̀dá Lúùkù ní. “Pín in sí méjì kí o tó pe ẹnìkan ní olè.”

Mo gbé àwo jọ̀lọ́ọ̀fù mi sílẹ̀, mo fa àga mi fún ọmọ náà, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in.